Ẹ̀rọ Tí Mo Dì Mọ́ Ẹsẹ̀ Bàbá Ahunṣọ

Ó ku bí ọdún méjì kí 1990 wọlé nígbà tí mo di èèyàn ńlá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ o, èmi nìkan ni mo mọ̀. Iṣẹ́ mi ní ọsibítù ni láti máa di àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù mú, kí wọ́n lè tún ìrìn kọ́, kí n sì nu ilẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá da omi sí i. Ẹni tó bá bi mí léèrè iṣẹ́ mi, "dọ́kítà ẹsẹ̀" ni mo máa ń pe ara mi.

Lọ́jọ́ kan, dọ́kítà wa ti ìlú òyìnbó dé, ó sì mú ẹ̀rọ kan bọ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ. Ìbàdí ni wọ́n ń fi í há. Bí ẹni tó há a bá gbé ẹsẹ̀, ara rẹ̀ á mì, ẹ̀rọ á ta kẹ́, nọ́ńbà inú rẹ̀ á sì fi ẹyọ kan lé sí i. Dọ́kítà ní àwọn aláìsàn máa ń rìn dáadáa lójú òun, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá délé tán, orí ibùsùn ló kù. Ìrìn tí wọ́n ń rìn nílé lòun fẹ́ mọ̀. Èmi ló ní kí n máa gbé e lọ bá wọn.

Ìbàdí ara mi ni mo kọ́kọ́ fi há, mo sì yí Ọjà Igbó po lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá kan tó ń ta ike bi mí bóyá rédíò ni. Mo ṣàlàyé fún un títí tó fi bẹ̀ mí pé kí n kúrò níwájú ọjà òun.

Aláìsàn àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi jẹ́ bàbá ahunṣọ kan ní Ọ̀yọ́, lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán. Ọwọ́ rẹ̀ ti yá, ẹsẹ̀ òsì ló kù. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ so yìgì ọmọ rẹ̀ obìnrin ní mọ́ṣáláṣí, Bàbá sì ti búra pé ẹsẹ̀ ara òun lòun máa fi rìn débẹ̀ láti fa ọmọ òun fọ́kọ. Ó ní kò sẹ́ni tó máa gbé òun bí àpò gàrí. Dọ́kítà ní bí ẹ̀rọ bá fi hàn pé ìrìn rẹ̀ ti pọ̀ tó, òun á yọ̀ǹda. Gbogbo Ọjọ́rú ni mo ń wọ mọ́tò láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ wo nọ́ńbà.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, nọ́ńbà náà kéré débi pé mo gbọn ẹ̀rọ wò bóyá ó ti kú. Ojú mi fà ro, gbogbo ilé sì rí i. Mo wá rí ẹni tí mo lè dá lẹ́bi: ṣòkòtò Bàbá. Okùn ló fi ń so ó, kò ní bẹ́líìtì, ẹ̀rọ kò sì rí nǹkan gidi dì mọ́. Ó ti já bọ́ lẹ́ẹ̀mejì, díẹ̀ ló sì kù kí ìkejì bọ́ sínú bútà àlùwàlá. Ni ọgbọ́n bá sọ sí mi lórí. Mo fi báńdéèjì di ẹ̀rọ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, èyí tó le, ni mo dì í mọ́, kí n má baà ni èyí tó ń ṣàìsàn lára. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé dọ́kítà, mo sì fa ìlà sí i nídìí.

Lọ́sẹ̀ kejì, nọ́ńbà fò sókè. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó ju tèmi lọ, èmi tí mò ń pààrà Ọjà Igbó. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sọ ìyẹn fún ẹni tí orí rẹ̀ ń wú?

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o!" ni mo pariwo. "Ẹsẹ̀ yín ti dá ṣáṣá! Ọ̀pá tí ẹ fi ń rìn yìí gan-an, ó ti di ẹrù lásán."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Alhamdulillah."

Nígbà tí mo padà dé ọsibítù, dọ́kítà bọ̀ mí lọ́wọ́ lójú gbogbo èèyàn. Ó ní kí a yọ orúkọ Bàbá kúrò lára àwọn tí à ń lọ wò nílé, kó máa rìn lọ síbi tó bá wù ú.

N kò lè dúró de Ọjọ́rú. Ní Mọ́ńdè, mo ra ọsàn, mo kọrí sí Ọ̀yọ́ láti lọ ròyìn ayọ̀. Bí mo ṣe yọ sí àgbàlá, mo gbọ́ ẹ̀rọ mi: kẹ́, kẹ́, kẹ́, kẹ́. N kò sì rí ẹni tó ń rìn. Bàbá jókòó sídìí òfì, ó ń hun aṣọ tí ọmọ rẹ̀ máa wọ̀ lọ́jọ́ yìgì. Igi méjì ni ahunṣọ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lábẹ́ òfì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Bàbá nìkan ló ń dá iṣẹ́ náà ṣe, ó ń fò láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì, ẹ̀rọ sì ń kà á. Ẹsẹ̀ òsì nà gbalaja lórí àpò, ó ń sinmi tirẹ̀.

Ọsàn bọ́ lọ́wọ́ mi. "Bàbá, ṣé òfì ni ẹ̀rọ yìí ti ń kà látọjọ́ yìí?"

"Òun náà ni," ó dáhùn láìdúró. "Ojú rẹ kò dáa lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, ọmọ mi. Mo ní bóyá wọ́n á lé ọ lẹ́nu iṣẹ́ nítorí tèmi. Nígbà tí mo rí i pé ó ń ka ti òfì náà, mo ní kí n bá ọ fi kún un."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni ọmọ rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ so yìgì rẹ̀ jáde láti inú ilé. Kò kí mi.

"Ẹ wo ìgunpá wọn," ó ní. Awọ ti bó níbẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ní ọ̀pá ti di ẹrù lásán. Wọ́n fi í sílẹ̀ láàárọ̀ àná, wọ́n sì ṣubú lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ fún yín, pé inú yín á bàjẹ́."

Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, aláìsàn ló ń tọ́jú mi, èmi ni mo sì tì í ṣubú. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú erùpẹ̀, mo tú báńdéèjì náà, mo sì sọ fún Bàbá ohun tí dọ́kítà wí: wọ́n ti gbà á láyè láti rìn dé mọ́ṣáláṣí.

Bàbá gbé ọwọ́ kúrò lára òwú.

"Gbé ẹ̀rọ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan," ó ní. "Ìwọ fúnra rẹ, ojú rẹ méjèèjì yìí, ṣé mo lè dé mọ́ṣáláṣí?"

N kò tíì wo ìrìn rẹ̀ dáadáa rí, ojú ẹ̀rọ ni mò ń wò. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dìde. Mo wò ó bó ṣe di òpó mú, bí ẹsẹ̀ òsì ṣe ń wọ́ nílẹ̀, bí òógùn ṣe bò ó kó tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá. Ó wù mí kí n parọ́.

"Rárá, Bàbá," ni mo wí. "Ẹ ò lè fi ẹsẹ̀ débẹ̀ lọ́jọ́ yìgì."

Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́kún. Bàbá jẹ́ kó sunkún tán. "Lọ sọ fún àwọn àáfà," ó sọ fún un, "kí wọ́n wá so yìgì náà nínú àgbàlá yìí." Ó wá na ọwọ́ sí mi kí n bá òun mú ọ̀pá. "Ibi tí òfì wà yẹn ni a máa tẹ́ ẹní sí. Láti ibí dé ibẹ̀, ìṣísẹ̀ mélòó ni?"

Bí a ṣe ń lọ ni mò ń fi ẹnu kà á, mo na ọwọ́ sẹ́yìn rẹ̀ láìfi kàn án. Mẹ́rìnlá ni. Ó sinmi díẹ̀, ó ní kí a tún un rìn.