Òkúta Tí Mo Fi Abẹ̀bẹ̀ Fẹ́

Bí èéfín jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò mi ní Maitumbi bá ti gba ojú fèrèsé wọlé, òkúta dúdú kan ni mo máa ń rántí.

Ọ̀gá ìjọba kan ló gbé e wá sí ilé ìwé wa ní Bosso lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ kíláàsì kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Ó gbé òkúta náà ka orí tábìlì.

"Èédú inú ilẹ̀ nìyí. Òun ló máa fún yín níná tí kò ní í lọ mọ́."

Kò tíì panu dé tí wọ́n fi mú iná lọ. Fáànù dúró, òórùn òógùn àti lọ́fínńdà ọ̀gá gba gbogbo kíláàsì. Tíṣà wa sáré fi abẹ̀bẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Nílé, èédú ni màmá mi máa ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ kó lè ràn. Mo bá kọjú sí òkúta náà, mo ń fẹ́ ẹ kíkankíkan.

"Kai!" Tíṣà gbá mi létí. "Ọ̀gá ni kó o máa fẹ́!"

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ ni ọ̀gá ìjọba náà ń tà.

Títí dòní, ọ̀gá la ṣì ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́. Èédú ò ràn.