Ilé Èrò Orí Máàpù Thirkell

Bébà, tàdáwà àti gègé ni Ebenezer Thirkell kọ́kọ́ ń tà ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, láyé Ọbabìnrin Fikitóríà, kó tó ra àwọn awo bàbà tí wọ́n fín máàpù sí, èyí tí olóògbé ayàwòrán-ilẹ̀ kan fi sílẹ̀. Ó ń tún wọn fín, ó ń tẹ̀ wọ́n sórí bébà, Keturah ìyàwó rẹ̀ sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn oníbàárà máa ń sọ pé bí ọ̀nà kan ò bá sí lórí máàpù Thirkell, kéèyàn má wulẹ̀ di ẹrù. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ ọn ju èrè lọ.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ ojú irin gba gbogbo ìlú. Àwọn oníṣẹ́ máàpù ń fín ọ̀nà tuntun sórí bàbà kí ẹnikẹ́ni tó ki ṣọ́bìrì bọlẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń ra máàpù tó ti pẹ́. Thirkell náà fín èyí tí wọ́n ní ó máa dé Wexcombe, abúlé kan láàárín òkè. Àmì tótòtó ló yẹ kó fi ṣe ọ̀nà tó ṣì jẹ́ ìlérí. Ó fà á gbọọrọ bí èyí tí ọkọ̀ ti ń gbà.

Lẹ́yìn ọdún méjì, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan tó ń jẹ́ Amos Dagworthy wọlé, ó tẹ́ máàpù náà sórí káńtà.

"Ẹ̀yin lẹ ṣe èyí?"

"Èmi ni, ọ̀gá."

"Ẹ bá mi wá ọkọ̀ tó ń lọ Wexcombe. Mo fẹ́ lọ sílé."

Thirkell tẹjú mọ́ ìlà náà.

"Kò sí, àbí? Ilé iṣẹ́ ojú irin yẹn ti dẹnu kọlẹ̀, wọn ò ṣe é débẹ̀. Mo ta oko bàbá mi, mo kọ́ ilé èrò síbi tí ẹ fi ibùdókọ̀ sí lórí máàpù yìí. Màlúù nìkan ló ń yọjú lójú fèrèsé mi!"

"Ẹ jókòó, ẹ mu tíì," ni Keturah wí.

"Tíì kọ́ ló gbé mi wá, màdáámù."

Ó wà lẹ́nu Thirkell láti sọ pé wọ́n tan òun náà jẹ. Ó gbé e mì. Lọ́sẹ̀ yẹn ló lọ sí Wexcombe, ó fẹsẹ̀ rin àwọn òkè ibẹ̀, ó sùn sílé Dagworthy. Nígbà tó pa dà dé Lọ́ńdọ̀nù, ó dojú awo bàbà dé, ó fi òòlù lù ú látẹ̀yìn títí ìlà ojú irin náà fi parẹ́. Ilé èrò náà ló wá fín síbẹ̀, àti ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gbà débẹ̀.

Pobjoy, tó ń tàwé lódìkejì títì, rí máàpù tuntun náà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Thirkell! Ilé ọtí lo wá ń yà báyìí?"

"Ó wà níbẹ̀. Mo sùn níbẹ̀. Iyọ̀ pọ̀ jù nínú oúnjẹ wọn."

Àwọn tó máa ń jáde nílùú lọ rìn lórí òkè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn bẹ̀rẹ̀ sí í yà síbẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní méjìméjì. Dagworthy ò tìtorí ẹ̀ dolówó. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìkórè, ẹnì kan gbé itan ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ wá láti Wexcombe sí ìsọ̀. Máàpù àtijọ́, èyí tó ní ìlà ojú irin, ni wọ́n fi wé e.

"Ṣé ó ti dárí jì yín ni?" Keturah béèrè nídìí oúnjẹ.

Thirkell rọra jẹ ẹran ẹnu rẹ̀ tán. "N kò mọ̀. Iyọ̀ rẹ̀ ṣì pọ̀ jù."