Oorun Ọ̀sán ní Ìkòsì

Ní àwọn ọdún tí mo fi jẹ́ ẹnjiníà inú ọkọ̀ òfuurufú ológun, Ìkòsì là ń gbé, fèrèsé yàrá wa sì kọjú sí ẹ̀rọ ata aládùúgbò wa kan. Ọkọ̀ akẹ́rù ni tiwa. Nígbà mìíràn a ó gbéra láàárọ̀, nígbà mìíràn ní aago méjì òru. Obì ni mo fi ń lé oorun.

Lọ́dún kan, wọ́n rán wa lọ kó ohun èlò ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí mo padà dé, ojú mi máa ń là kedere lóru. Tó bá wá di ọ̀sán, oorun á kùn mí, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dùbúlẹ̀ báyìí, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ata tí wọ́n rà lọ́jà Máìlì 12, àfi bí ẹni pé inú etí mi ni wọ́n ti ń lọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo ń fi mọ́tò gbé ọmọbìnrin mi lọ sílé ìwé ní Alápẹ̀rẹ̀. Mo rántí pé mo rí géètì ilé ìwé náà lọ́ọ̀ọ́kán. Ohun tí mo tún gbọ́ ni, “Daddy, ẹ jí.” Taya iwájú ti wọ gọ́tà. Nǹkan kan ò ṣe wá.

Ìyàwó mi kò pariwo. Ó kàn gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ mi.

“Ọ̀túnla lẹ tún ń fò,” ló wí. “Ẹ lọ sọ fún ọ̀gá yín.”

“Wọ́n á ní ẹ̀rù ló ń bà mí.”

“Kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀.”

Lọ́jọ́ kejì, mo dúró níwájú ọ̀gá tó ń wa ọkọ̀ wa. Mo ní, “Sà, oorun gbé mi lọ nídìí mọ́tò láná, ọmọ mi sì wà nínú ẹ̀.”

Wọ́n gbé bírò wọn sílẹ̀. “Ìgbà wo lo sùn dáadáa kẹ́yìn?”

“Mi ò rántí, sà.”

Wọ́n dìde, wọ́n ti ilẹ̀kùn. “Èmi àti ẹni tí a jọ ń wa ọkọ̀ ti jọ sùn lọ lójú òfuurufú rí. Ọlọ́run ló kó wa yọ. Mi ò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà. Ìwọ sàn jù mí lọ.” Wọ́n yọ orúkọ mi kúrò nínú ìrìn àjò náà, wọ́n ní kí n lọ rí dókítà.

Dókítà náà ṣàlàyé pé ara èèyàn kì í yára tó ọkọ̀ òfuurufú. Ọkọ̀ á ti gbé èèyàn délé, àkókò Amẹ́ríkà ni ara á ṣì máa tẹ̀ lé. Ó ní kí n máa jí ní àkókò kan náà, kí n máa dúró sínú oòrùn àárọ̀, kí n má jẹ obì mọ́ lẹ́yìn ọ̀sán. Tí mo bá fò lóru, kí n sùn níbi tó ṣókùnkùn.

Ìyàwó mi fi aṣọ nínípọn bo fèrèsé. Èmi lọ bẹ ìyá tó ni ẹ̀rọ ata.

“Mummy, ẹ má bínú, iṣẹ́ òru ni mo ń ṣe.”

“Ṣé oorun ló ń ṣe yín?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ọtí ni mo rò pé ẹ ń mu, bí mo ṣe ń rí yín tí ẹ ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ láàárọ̀. Ẹ ò bá ti tètè sọ. Èmi tí mo ń jí lọ ra ata kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, ṣé mi ò mọ oorun ni?”

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti òru dé, wọn kì í tan ẹ̀rọ títí wọ́n á fi kírun àìlá lọ́sàn-án. Àwọn oníbàárà kan kùn, ìyá náà ní kí wọ́n lọ kí wọ́n padà wá.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ara mi tó balẹ̀. Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹnìkan nínú àwa tí a jọ ń fò fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó béèrè bóyá dókítà yẹn máa ń kọ ọ̀rọ̀ oorun sínú ìwé iṣẹ́ ẹni. Mo ní ó kọ tèmi, wọn ò sì lé mi. Ó mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo rí i lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà dókítà, ó di fìlà rẹ̀ mú lórí eékún.