Ẹran Tí Wọ́n Gé Lára Ìyá Mi

Níbo ni ẹran tí dókítà gé lára ìyá mi kí ó tó kú wà? Ìbéèrè yìí kò jẹ́ kí n sùn.

Mo kà á nínú ìwé ìròyìn lónìí pé obìnrin kan ti kú tipẹ́ lókè òkun, ṣùgbọ́n ẹran ara rẹ̀ ṣì ń dàgbà nínú ìgò àwọn dókítà. Wọn kò gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó gé e.

Mo sọ fún bàbá tí a jọ ń tún àwọ̀n ṣe. Ó rẹ́rìn-ín: "Ọmọ mi, nílùú wa tí ohun gbogbo ti jẹ́ ti gbogbo wa, ta ló ń sọ pé 'tèmi'?"

"Bàbá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi ọkọ̀ ìpẹja yín sílẹ̀ fún ìlú. Ta ló tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ìyá mi?"

Ó fa àwọ̀n sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ń tún un ṣe lọ.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tí ẹ ń ka èyí, bí ẹran ara ìyá mi náà bá ṣì ń dàgbà níbìkan, ṣé ọmọ òrukàn ni mí?

Ilẹ̀ mọ́. Mo pa fìtílà.