Ọkọ Mi Kékeré Ni Tíṣà Mi

Ìyá ọkọ mi ló san owó kọ́lẹ́ẹ̀jì mi, kì í sì í ṣe nítorí pé ó fẹ́ràn ìwé. Nítorí bàtà ni. Ìyàwó ọmọ orogún rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì, àràárọ̀ ló sì ń wọ bàtà funfun gba àgbàlá wa ní Bẹyẹrúnká kọjá, kò, kò, kò. Ìyá mi, bí mo ṣe ń pè é nìyẹn, á jókòó ti igbá ọṣẹ dúdú tó ń tà, á máa wo bàtà náà títí yóò fi yà sí kọ̀rọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó yíjú sí mi níbi tí mo ti ń fún ọmọ lọ́mú.

"Ìwọ náà ṣáà mọ̀wé."

Mo ní mo mọ díẹ̀, mà. Mo ti jáde sẹ́kọ́ńdírì kí n tó wọlé ọkọ. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo fẹ́ lọ kí oyún àkọ́bí mi tó dé, ó sì ti di ọmọ kẹta báyìí.

"Kí ni wọ́n ń pe èyí tó ju nọ́ọ̀sì lọ?"

Mo ní n kò mọ̀ bóyá ó jù ú lọ, àmọ́ ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ilé-ìwé di ọ̀fẹ́, ọmọ pọ̀ bí eṣú, tíṣà ni kò tó.

"Tíṣà," ó ní. Ó tún un pè lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Ó dáa. Owó ọṣẹ á fọ orí ẹ mọ́."

Ọkọ mi ń wa lọ́rì lọ sí Kánò. Nígbà tó dé tó gbọ́, ó ní bí ìyá òun bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ó ti parí. Kò sẹ́ni tó ń bá ìyá ẹ̀ jiyàn.

"Ohun kan ṣoṣo ni o," ni ìyá mi wí. "Mi ò fẹ́ kí ìwé sọ ẹ́ di aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ pé o pe ọ̀kan nínú àwọn ọkọ ẹ lórúkọ, ọjọ́ yẹn lowó ọṣẹ tán."

Gbogbo ẹni tí ìyàwó bá bá nílé, ọkọ ni, ìbáà jẹ́ ọmọ tó ń rá kòrò. A kì í pè wọ́n lórúkọ. Orúkọ dídùn mìíràn la ń wá fún wọn. Ó ti mọ́ mi lára, mo ní kò sí ìyọnu.

Ìyọnu ń dúró dè mí lókè Màpó. Ibẹ̀ ni kíláàsì ìrọ̀lẹ́ wà, fún àwa àgbàlagbà tó fẹ́ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. A jókòó, ọlọ́pàá kan, káfíńtà kan, àwa obìnrin mélòó kan, à ń retí tíṣà. Ẹni tó wọlé ni àbúrò ọkọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé; n kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un níṣẹ́.

Ọmọ bí ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí mo dé ilé wọn. Eyín rẹ̀ funfun, ló jẹ́ kí n máa pè é ní Eyínfúnjowó. Atọ̀ọ́lé sì ni. Èmi ìyàwó tuntun ni mo máa ń jí kùtù sá ẹní rẹ̀ sẹ́yìnkùlé kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó rí i. N kò sọ fẹ́nì kan rí. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé mo mọ̀, bó sì ṣe rí mi lórí bẹ́ǹṣì ni ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó bi wá ní ìbéèrè. Ẹni tó bá fẹ́ dáhùn ń dìde dúró. Ó kàn mí, mo bá kúnlẹ̀, nítorí ìyàwó kì í dúró gbàgìdì dá ọkọ lóhùn. Tábìlì bò mí mọ́lẹ̀. Ohùn mi nìkan ló ń jáde.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀?" ni tíṣà bèèrè.

"Ìyàwó yín ni, Eyínfúnjowó."

Ọlọ́pàá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí kíláàsì fi máa tú, ó ti ń kí i bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá wọn ní bárékè: "Ó dàárọ̀ o, Eyínfúnjowó, sà."

Tíṣà sáré bá mi lójú ọ̀nà. "Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa pè mí ní sà."

"Sà kọ́ lorúkọ tí mo sọ yín."

"Ẹ má wulẹ̀ pè mí ní nǹkan kan mọ́."

A fẹnu kò síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ní ìbéèrè, màá húkọ́, yóò sì yíjú sí mi. Ìbéèrè mi pọ̀, pàápàá nínú ìṣirò, ikọ́ mi náà sì pọ̀. Káfíńtà ṣàánú mi, ó ń mú orógbó wá fún mi.

Báyìí la ṣe ń bá a lọ títí ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì fi wá yẹ̀ wá wò, òyìnbó obìnrin kan tó gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó bá mú ló máa wọlé. Ìyá mi ti ti Ọjà'ba gòkè wá lẹ́yìn ìrun alásàrí, ó pọn ọmọ mi tó fẹ́ mu ọmú, ó jókòó sábẹ́ fèrèsé. Gèlè rẹ̀ ni mò ń wò láti ibi tí mo wà.

Kí òyìnbó tó bi èèyàn ní ìbéèrè gidi, á kọ́kọ́ bi í ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: kí lorúkọ rẹ, níbo lò ń gbé, kí lorúkọ tíṣà rẹ. Ọlọ́pàá dáhùn, káfíńtà dáhùn. Ó kàn mí. Mo sọ orúkọ mi, mo sọ ilé mi.

"Orúkọ tíṣà rẹ ńkọ́?"

Mo wo gèlè. Mo ní tíṣà wa ga díẹ̀.

"Orúkọ rẹ̀ ni mo bèèrè."

Mo ní eyín rẹ̀ funfun, mà.

Òyìnbó gbé kálàmù sílẹ̀. Tíṣà fẹ́ ṣàlàyé, òyìnbó na ọwọ́ dá a dúró. Ó ní ẹni tó ti ń wá sí kíláàsì látọjọ́ yìí tí kò mọ orúkọ tíṣà rẹ̀, irọ́ ló ń pa, kì í wá. Bí n kò bá lè sọ ọ́, kí n jókòó, kí ẹlòmíràn bọ́ síwájú.

Ọ̀rọ̀ kan péré. Bí mo bá pè é, òyìnbó á gbà mí, ìyá mi ò ní sanwó. Bí n kò bá pè é, ìyá mi á sanwó, òyìnbó ò ní gbà mí. Mo húkọ́. Káfíńtà na orógbó sí mi lábẹ́ tábìlì.

"Kí ni wọ́n ń bi í?" Ìyá mi ló ń bi ọlọ́pàá lójú fèrèsé.

"Orúkọ tíṣà ni, mà."

"Kò sì pè é?"

"Kò pè é, mà."

"Gba ọmọ dání."

Ó na ọmọ mi sí ọlọ́pàá gba ojú fèrèsé, ó sì ti orí bọ inú kíláàsì. Ó pe orúkọ tí àwọn ààfáà sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ. Ó pe èyí tí bàbá rẹ̀ àgbà sọ ọ́. Ó kì í láti orí dé ẹsẹ̀. "Ọmọ mi ni," ó ní, "ó tọ̀ọ́lé títí ó fi mú ìwé mẹ́fà, ìyàwó yìí ló sì ń sá ẹní ẹ̀. Òun ò lè pè é. Èmi tí mo bí i ni mo lè pè é. Ẹ sọ fún òyìnbó."

Òyìnbó ní kí tíṣà túmọ̀ rẹ̀. Ó túmọ̀ orúkọ nìkan. Òyìnbó ní ọ̀rọ̀ tí òun gbọ́ gùn ju ìyẹn lọ. Tíṣà ń wo òkè àjà. Ọlọ́pàá tó gbé ọmọ mi mọ́yà ló bá a túmọ̀ ìyókù, kò sì fo nǹkan kan.

Òyìnbó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù tó bi mí: bí ọmọ kékeré bá tọ̀ sára ní kíláàsì rẹ, kí lo máa ṣe? Mo ní màá fọ ṣòkòtò rẹ̀, màá sá a, mi ò sì ní sọ fẹ́nì kan. Ó ní kí n máa bọ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ìyá mi sanwó, kò jẹ́ kó ku kọ́bọ̀. Mo já ọmọ lẹ́nu ọmú, èmi sì ni mo sunkún jù nínú àwa méjèèjì. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, tíṣà ti gbé àpótí mi rù nígbà tí ìyá mi yọ bàtà funfun kan láti abẹ́ ibùsùn, Gbági ló ti rà á, ó sì tóbi jù mí lọ. Mo ní tíṣà kì í wọ irú ẹ̀. Ó ní ta ló bi mí. Mo fi aṣọ dí iwájú rẹ̀, mo wọ̀ ọ́, mo gba àgbàlá kọjá, kò, pàlà, kò, pàlà. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tó pè mí padà.

"Padà wá," ó ní, "kó o tún un rìn. Orogún mi ń kírun, kò tíì rí ẹ."