Ẹni Tó Di Okùn Ìyàwó Mi Mú

Òórùn róòbù ló gba yàrá wa kan ní ọ̀sán ọjọ́ tí a lò kẹ́yìn pọ̀. Ìyàwó mi na ẹsẹ̀ lé itan mi, mo ń fi róòbù ra ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, níbi tó máa ń dùn ún bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Fèrèsé wà ní ṣíṣí, afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń wọlé, ìró àwọn tó ń lu irin níbi ilé tuntun kan lẹ́yìn ọgbà wa sì ń dún láìdáwọ́ dúró. Ó fara dà á fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló ní, "Dádì, bàtà lẹ ń kùn ni, àbí ẹsẹ̀ èèyàn?" Mo ní bàtà ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, ó ní kí n lọ ká aṣọ tí a sá síta, pé òun ń gbọ́ òórùn òjò. Kò sí ohun mìíràn tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà tó yẹ fún ìtàn. Ó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, kò jí mọ́.

Àwọn tó wá kí mi máa ń bi mí léèrè irú èèyàn tó jẹ́. Mo máa ń sọ pé oníwà pẹ̀lẹ́ ni, wọ́n á sì mi orí. Ṣùgbọ́n ìwọ tí a jọ dàgbà, tí o mọ̀ mí kí n tó gbéyàwó, ìwọ ni mo fẹ́ sọ bí ọrùn ẹsẹ̀ yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún fún, nítorí ìgbà yẹn ni mo mọ ẹni tí mo fẹ́.

Ojú rẹ̀ ti fọ́ kí a tó pàdé. Àìsàn ló fà á nígbà tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ti ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀ lọ. Nígbà tí a kó wá sí ẹ̀bá Àjáh, ní àwọn ọdún tí ọ̀nà márosẹ̀ ń fẹ̀ sí i, tí ilé ń gba ipò igbó láti ibẹ̀ títí dé Lákọ̀wé, èmi ni mo máa ń mú un sáré ní ìdájí nínú ẹsíteètì wa. Okùn kúkúrú kan tí a fi aṣọ lọ́ ló so ọwọ́ òsì mi pọ̀ mọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ojú tèmi la fi ń ríran, èémí tirẹ̀ la fi ń sáré.

Lọ́dọọdún, eré ọlọ́nà jíjìn kan máa ń wáyé lórí ọ̀nà márosẹ̀ náà, àwọn ògbóǹtarìgì sárésáré láti oríṣiríṣi ìpínlẹ̀ sì máa ń wá du ipò níbẹ̀. Àwọn akàndá ẹ̀dá náà ń kópa, bí a bá lè pè é bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ògbóǹtarìgì bá ti lọ tán ni wọ́n máa ń tú àwọn afọ́jú àti àwọn tó ń fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn tó wá ṣe fàájì. Wọ́n á fún wọn ní fìlà àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n á yà wọ́n ní fọ́tò. Kò sẹ́ni tó ń fi aago ka eré wọn. Lọ́dún tí ìyàwó mi kọ́kọ́ lọ, wọ́n ti ń tú àgọ́ kí a tó dé ibi tí eré parí sí. Obìnrin kan dì mọ́ ọn, ó ń sunkún, ó ní, "Màmá, ẹ gbìyànjú gan-an o." Ìyàwó mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí a wọ mọ́tò, ó ní, "Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Dádì, ó tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n fi ẹ̀yìn mi gbolẹ̀ láàárín àwọn àgbà ju kí wọ́n máa kẹ́ mi lẹ́yìn lọ́hùn-ún."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò eré náà. Ó lọ, ó bọ̀, títí ojú fi tì wọ́n. Níkẹyìn wọ́n gbà, pẹ̀lú àdéhùn: kí oṣù tó parí, kó wá sáré ìdajì ọ̀nà níwájú wọn. Bó bá yá tó, yóò tò pẹ̀lú àwọn obìnrin tó ń du ipò, wọ́n á ka aago rẹ̀, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ tiwọn. Bí kò bá yá tó, kó padà sẹ́yìn, kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Alága wọn kò fi bò: bí ìyàwó mi bá kùnà, kò ní rọrùn fún akàndá mìíràn láti béèrè mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a fi aago wo eré tiwa. Èmi ni mo ń fà á sẹ́yìn. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mo ń mí bí ẹ̀rọ ata, òun sì ń bá mi sọ̀rọ̀ nípa ohun tí a máa jẹ bí a bá délé. Kò sọ ohunkóhun nípa aago náà. Èmi ni mo tú okùn kúrò lọ́wọ́ ara mi, tí mo ní ká wá ẹlòmíràn.

Olùkọ́ eré ìdárayá kan wà ní ilé-ìwé kan lójú ọ̀nà Addo, ọ̀dọ́kùnrin tó ti sáré fún ìpínlẹ̀ rẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ìwà rẹ̀ sì tutù. Ìwà tútù yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó mi lórí títì, ó fi ìka méjì mú okùn bí ẹni tó di ìrù eku mú, ó sì jìnnà sí i dé ibi tí okùn náà lè gùn mọ. Mo gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé wọn. Nítòsí géètì, mo gbọ́ ọ tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú mà, ó dà bíi pé kòtò kékeré kan..." Ìyàwó mi ti wà nínú kòtò. Ó jókòó sílẹ̀, ó di ọrùn ẹsẹ̀ mú, omi wà lójú rẹ̀, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Olùkọ́, kí ẹ tó bẹ̀ mí tán, mo ti débẹ̀."

Mo sọ fún olùkọ́ pé kó máa pàṣẹ, kó yé bẹ̀bẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ìyàwó yín ni wọ́n. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa jágbe mọ́ wọn?" Àwọn aládùúgbò náà kò ràn wá lọ́wọ́. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá géètì máa ń kígbe pé, "Ìyàwó ọ̀gá, ta ló so yín bí àgbò iléyá yìí?" Ọkùnrin tó ń gbé lókè wa bá mi níbi tí mo ti ń fọ mọ́tò, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jókòó síbẹ̀ o. Ẹlòmíràn ti ń fi okùn fa ìyàwó yín lọ." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n olùkọ́ ń kọjá lọ, ó gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó tún jìnnà sí i. Ọjọ́ ń lọ, ẹsẹ̀ ìyàwó mi wú, eré wọn kò sì yá ju tèmi lọ.

Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú, mo sì ti ń retí ọjọ́ tí wọ́n máa ní kí a jáwọ́ nínú ohun ìtìjú yìí. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n ní kí n pe olùkọ́ wá. Wọ́n ti se ìkọ́kọrẹ́. Wọ́n bi í léèrè ilé bàbá rẹ̀, wọ́n bi í bóyá ó ti gbéyàwó. Ó ní òun ń múra rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, wọ́n pe ìyàwó mi, wọ́n ní kó kúnlẹ̀, kó gbé omi fún un.

Wọ́n ní, "Láti òní lọ, ọkọ ẹ nìyí."

Oúnjẹ há olùkọ́ lọ́fun.

"Kí lo ń wò? Mo ti sọ ẹ́ di ọmọ ilé wa. Ọmọkùnrin ilé wa, ọkọ ló jẹ́ fún ìyàwó tá a bá gbé wọlé, bó ti wù kó kéré tó. Ọkọ kì í bẹ ìyàwó ilé kó tó rán an níṣẹ́. Tó o bá rí kòtò, pariwo kòtò! Ẹ̀bẹ̀ tìẹ, tọ́jú ẹ̀ dìgbà tẹ́ ẹ bá délé." Wọ́n kọjú sí fèrèsé, wọ́n gbé ohùn sókè kí ọkùnrin tó ń gbé lókè wa lè gbọ́. "Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó di okùn ìyàwó wa mú, kó wá bi èmi!"

Ìyàwó mi, tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, tẹrí ba, ó ní, "Omi yín rèé o, ọkọ mi." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ nǹkan kan gún mi láyà, kékeré, bí eegun ẹja. Ìyá mi rí i. "Ìwọ náà ń jowú? Àgbà ọkọ ni ẹ́. Lọ bu oúnjẹ tìẹ."

Mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà. Ìyàwó mi kò fẹ́ràn àṣà yẹn rí. Ó máa ń sọ pé kò sí ìdí tí òun á fi máa pe ọmọ tí òun lè bí ní ọkọ. Síbẹ̀, àṣà tó ń wúwo lórí rẹ̀ yẹn ló ṣí ọ̀nà fún un. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, olùkọ́ gba okùn mú dáadáa, ó súnmọ́ ọn, ohùn rẹ̀ sì yí padà: "Òsì! Gbé ẹsẹ̀! Kòtò!" Kí oṣù tó parí, ìyàwó mi sáré níwájú ìgbìmọ̀, ó yá tó, wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà láàárín àwọn tó ń du ipò.

Ní ọjọ́ eré, mo dúró nísàlẹ̀ afárá Àjáh, nítòsí ibi tí eré parí sí. Oòrùn ti ń mú, òórùn ọ̀dà ń gòkè láti ojú títì. Àwọn obìnrin àkọ́kọ́ kọjá, tín-ín-rín, láìsí ariwo. Mo gbọ́ tiwa kí n tó rí wọn. Olùkọ́ ń pariwo, "Ìsàlẹ̀! Ọ̀tún! Ọ̀tún!" Ìyàwó mi ń dá a lóhùn, "Ọkọ mi, ẹ yára!" Ọkùnrin kan tó dúró tì mí pa àtẹ́wọ́, ó ní, "Ọkọ ẹ̀ ló ń pàṣẹ báyẹn? Ọkọ yìí le o!"

Mo ní, "Èmi gan-an ni ọkọ ẹ̀."

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Kí wá lẹ ń ṣe níbí?"

 Mo kàn ń wo ìyàwó mi tó ń bọ̀.

Sárésáré pọ̀ níwájú rẹ̀, àwọn mìíràn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bó ṣe parí eré, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ba láti mí, ni ọ̀kan nínú àwọn tó wà lẹ́yìn dé, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti fara ya. "Àǹtí, kí ló dé tẹ́ ẹ fi dí mi lọ́nà lórí afárá? Ẹ̀yin méjèèjì lẹ gba gbogbo títì! Màá fẹjọ́ yín sùn!" Olùkọ́ ti ń múra láti dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó mi fa okùn, ó dá a dúró. "Ẹ má bẹ̀ ẹ́, ọkọ mi." Ó kọjú sí ibi tí ohùn náà ti wá. "Ọ̀nà wà lápá òsì. Ẹsẹ̀ ni ò gbé ẹ débẹ̀." Ọmọ náà pòṣé, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìyàwó mi na ọwọ́ títí ó fi kàn mí. N kò rí ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. Ó ní, "Dádì, ẹ gbọ́? Ó ń bá mi jà!"

Ọmọ náà fẹjọ́ sùn lóòótọ́. Ìgbìmọ̀ gbọ́ ẹjọ́ náà bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ti gbogbo sárésáré, wọ́n ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kì í ṣe ìyàwó mi nìkan ni akàndá tó tò pẹ̀lú àwọn ògbóǹtarìgì.

Ó ti pẹ́. Nígbà tí ìyàwó mi lọ, àwọn èèyàn ṣe dáadáa sí mi. Wọ́n ń gbé oúnjẹ wá, wọ́n ń gba àwo lọ́wọ́ mi, wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Bí mo bá dìde láti bu omi, ẹlòmíràn á ti dìde ṣáájú mi. N kò lè bínú sí wọn. Oore ni wọ́n ń ṣe. Àmọ́ inú oore yẹn ni mo ti wá mọ bó ṣe rí fún un lẹ́yìn lọ́hùn-ún, pẹ̀lú fìlà àti àtẹ́wọ́. Kì í ṣe ife ẹ̀yẹ ló ń béèrè. Ó fẹ́ wà níbi tí òun ti lè kùnà, tí òun ti lè ṣẹ ẹnì kan, tí wọ́n á sì sọ ọ́ sójú òun.

Lọ́jọ́ tí àlejò tó gbẹ̀yìn lọ, mo se ẹ̀wà. N kò se é rí láyé mi. Ó jóná nísàlẹ̀, òkè rẹ̀ kò sì rọ̀ tán. Ọmọ wa obìnrin pè mí láti Ìbàdàn, ó bi mí pé ta ló bá mi dáná.

"Èmi ni."

"Ó ṣe dáadáa?"

"Ó jóná."

 Mo rò pé ó fẹ́ sunkún. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀: "Dádì, kí ló dé tẹ́ ẹ ò dín iná kù? Ta ló ń gbé ẹ̀wà kaná, kó wá lọ jókòó ti rédíò? Ẹ ò gbọ́ òórùn ni?" Mo jẹ́ kó jà dé ibi tó fẹ́ jà dé. Nígbà tó pa fóònù, mo bu ẹ̀wà náà, mo jẹ ẹ́, mo sì fi kànìnkànìn ha ìsàlẹ̀ ìkòkò títí ó fi mọ́.