Ẹ̀rín ní Àgbàlá Obì

Ẹ̀rín tí èèyàn ń rín nídìí ìwé yàtọ̀ sí ẹ̀rín fóònù. Ti fóònù, pàù ló ń dún, ó sì tán. Ti ìwé máa ń pẹ́ kó tó dé. Yàrá á kọ́kọ́ dákẹ́ rọ́rọ́, ẹni tó ń kàwé á máa fimú fọn bí ẹni tí omi pá lórí, ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ̀rín á wá bú jáde, tí kò ní gba ẹ̀bẹ̀ mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀ nílé mi ní Ṣàgámù níbí. Pàù, pàù ni mò ń gbọ́ láti yàrá Sìdíkà, ọmọ ọmọ mi tó wà ní yunifásítì, tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ó jáde wá bá mi ní fàráńdà, ó ju ìwé kan sórí tábìlì. Ó ní, "Màmá Àgbà, ó ti sú mi jàre. Gbogbo ìwé ìtàn tí wọ́n ní ká kà, ẹkún ni. Ìyàwó á kú, ọkọ á ya wèrè, ilé á jó. Ṣé kò síbi téèyàn ti lè rí èyí tó ń pani lẹ́rìn-ín ni?"

Ẹnu mi fẹ́ẹ̀ ya dé etí. Ọmọ yìí ò mọ̀ pé ògbójú ọdẹ ló wá bá sọ̀rọ̀ ẹran ìgbẹ́.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, àdúgbò Ẹ̀pẹ́ ní Ṣàgámù níbí la ń gbé, ní agbo ilé màmá tó bí bàbá mi. Ìyá Olóbì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Obì gbànja ló ń tà, èyí tí àwọn ará òkè Ọya ò lè ṣe láìjẹ. Tẹ́ ẹ bá wọ àgbàlá wa, òórùn obì tútù àti ti ewé tí wọ́n fi ń bò ó nínú agbọ̀n lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Lọ́sàn-án, àwọn obìnrin mẹ́ta máa ń jókòó yí òkìtì obì ká, wọ́n á máa ṣà á: èyí tó dá ṣáká síhìn-ín, ọlọ́gbẹ́ sọ́hùn-ún, oníkòkòrò síta. Kòkòrò ni ọ̀tá wa. Bí ọ̀kan bá ráyè wọnú agbọ̀n, kí lọ́rì tó dé Kánò, ìyẹ̀fun ló kù. Iṣẹ́ ojú ni iṣẹ́ obì ṣíṣà, bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ojú gan-an ni oorun máa ń kọ́kọ́ bá jà.

Tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń lé oorun lọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn dùn, àmọ́ ó lọ́jọ́ tó máa ń dé etí ẹni tó ni ín. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Múrí, ọ̀kan nínú wọn, gbọ́ ohun tí Ìyá Basírà, ẹnì kejì ẹ̀, sọ nípa ọkọ òun, ni ìjà bá bẹ́ sílẹ̀, àwọn méjèèjì sì jùmọ̀ yí agbọ̀n dànù.

"Dede yín, ẹ panu mọ́!" Ìyá Olóbì pariwo. "Ẹni tó bá tún rojọ́ lágbàlá mi, kó máa gba ilé ẹ̀ lọ."

Gbogbo wọn panu mọ́ lóòótọ́, ni oorun bá gorí àléfà. Ojú oorun ni wọ́n fi ṣa ọjà tó lọ lẹ́yìn ìyẹn, kòkòrò sì kún inú ẹ̀ bámú. Alájì Sání, ará Kánò tó ń rajà lọ́wọ́ wa, kó agbọ̀n padà wá lójú gbogbo ayé. Ó ní bí òun bá tún rí kòkòrò nínú èyí tó kàn, ọ̀dọ̀ àwọn olóbì àdúgbò Mákùn lòun ń lọ. Mo rí Ìyá Olóbì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó ti agbọ̀n òfìfo, ó gbé oúnjẹ ẹ̀ tì, àánú ẹ̀ sì ṣe mí gan-an.

Èmi ní tèmi, ìyà míì ló ń jẹ mí: mi ò rí ìwé tó máa pa mí lẹ́rìn-ín. Nínú àwọn tó wà nílé ìwé wa, ọmọ aláìgbọràn ló máa ń já sí kànga níparí. Àbúrò bàbá mi ní méjì, ọ̀kan ti ìṣirò, ìkejì ti bí wọ́n ṣe ń tún rédíò ṣe. Ní ọjà Mákùn ni bàbá kan ti ń ta ògbólógbòó ìwé lórí ẹní, mo sì lọ bá a.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èyí tó ń pani lẹ́rìn-ín ń kọ́?"

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní ọgbọ́n ni wọ́n ń wá nínú ìwé, ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó lọ wo ọ̀bọ. Mi ò lọ síbì kankan. Mo fún un ní obì ọlọ́gbẹ́ tí Ìyá Olóbì ní ká máa mú, bó sì ṣe ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ ni mò ń tú òkìtì ìwé ẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá ni mo ti rí ọ̀kan tí kò ní èèpo ẹ̀yìn mọ́, tí epo ọbẹ̀ ti ta sí lára. Mo ṣí i láàárín, mo ka ìlà díẹ̀, ẹ̀rín gbé mi ṣubú sórí ẹní bàbá. Ó ní kí n máa gbé e lọ, kí n má ba ọjà òun jẹ́.

Ìtàn ọkùnrin kan ni, tó díbọ́n pé òun ti kú kó lè mọ èwo nínú àwọn ìyàwó ẹ̀ ló máa sunkún jù. Wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n faṣọ bò ó. Àṣé wọ́n ti pa ewúrẹ́ fún àwọn tó wá kí wọn kú ọ̀fọ̀, ni òórùn ọbẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé bá òkú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo sá pamọ́ sẹ́yìn agbọ̀n láti kà á. Mo fọwọ́ dí ẹnu, mo tún fi ìborùn dí i, pàbó ló já sí. Ẹ̀rín mi bú gbàmù láàárín àgbàlá tó dákẹ́. Àwọn tó ń tòògbé ta jí.

"Ọma mi, kí lí wẹ ń kà?" Ohùn Ìyá Olóbì ni.

"Ìwé ni, mà."

"Ìwé ló ń pa wẹ lẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀? Kà á síta ká gbọ́."

Mo kà á fún wọn. Nígbà tó yá, ó wojú àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó ń sùn. Ó ní kí n máa kà á lójoojúmọ́ títí Alájì ó fi dé, àmọ́ bí wọ́n bá rí kòkòrò kan péré nínú obì, inú ààrò ni ìwé náà ń lọ, ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rín sì tán nílé òun nìyẹn.

Mo kà á bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ojú àwọn obìnrin là kedere, torí ẹni tó ń retí ẹ̀rín kì í sùn. A wá dé ibi tí ìyàwó kékeré gbé abọ́ ọbẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú kó lè ráyè sunkún dáadáa, tí òkú sì yọ ọwọ́ jáde lábẹ́ aṣọ, tó ní, "Èyí tó lọ́ràá ni kó o fún mi." Ìyá Múrí àti Ìyá Basírà, tí wọn ò tíì kí ara wọn látọjọ́ ìjà, dì mọ́ ara wọn, omi ń bọ́ lójú wọn.

Mi ò rí i kí Ìyá Olóbì rẹ́rìn-ín rí. Ó máa ń sọ pé oníṣòwò tó bá ń fi eyín han oníbàárà, iye ọjà ara ẹ̀ ló ń gé kù. Lọ́jọ́ náà, ó yíjú sí ògiri bí ẹni tó ń wo alángbá, àmọ́ èjìká ẹ̀ méjèèjì ń gbọ̀n.

Alájì dé. Ó ní kí wọ́n da agbọ̀n kan, wọ́n dà á. Ó ní kí wọ́n da òmíì. Ó ń mú obì, ó ń là á, ó ń gbé e sí oòrùn wò. Mo di ìwé mi mọ́ àyà, ààrò ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Níkẹyìn, ó ju obì kan sẹ́nu, ó rún un, ó ní, "Ìyá, kí lẹ lò sí i?"

"Ẹ̀rín ni," Ìyá Olóbì dáhùn, ó sì gbé orí sókè. "Ọma yìí ló ń kà á fún wa."

Alájì ò gbà á gbọ́. Ó jókòó, ó ní kí n kà á kóun gbọ́. Dírẹ́bà ń fun fèrè níta, nígbà tó sú u, ó wọlé wá pè é, lòun náà bá jókòó. Lọ́rì yẹn ò kúrò ní Ẹ̀pẹ́ títí a fi kírun Alásárì. Bí wọ́n bá fi mí jọba lọ́jọ́ náà, inú mi ò lè dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Látìgbà náà, èmi ni wọ́n ń rán lọ wá ìwé ẹ̀rín. Ìyá Olóbì ló sì kọ́ mi bí mo ṣe máa yàn án, bí wọ́n ṣe ń yan obì gan-an: "Má wojú ẹ̀. Là á láàárín." Èmi fi tèmi kún un: èyí tí epo bá ti ta sí ló dáa, torí ẹni tó kà á ò lè gbé e sílẹ̀ jẹun.

Àgbàlá yẹn ti di ilé alájà báyìí. Bàbá oníwèé ti lọ, ẹní ẹ̀ ti lọ, oríta ńlá lójú ọ̀nà márosẹ̀ sì ni àwọn lọ́rì ń dúró sí. Àmọ́ agbọ̀n obì kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi tí mi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn. Mo wọlé, mo mú ìwé àkọ́kọ́ náà jáde látinú ẹ̀, mo gbé e lé Sìdíkà lọ́wọ́.

"Màmá Àgbà, èyí ò ní ẹ̀yìn."

"Là á láàárín."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Fàráńdà dákẹ́. Ó fimú fọn. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ògiri, bí ẹni tó ń wo alángbá, mo sì rí èjìká ẹ̀ méjèèjì tó ń gbọ̀n. Ìyá Olóbì ti kú tipẹ́ kí wọ́n tó bí ọmọ yìí, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín nílé wa.

"Màmá Àgbà," ó ní, ohùn ò jáde dáadáa, "òkú ń béèrè ẹran!"

"Mo mọ̀," mo dá a lóhùn. "Ọma mi, kà á síta ká gbọ́."